Ojú-ìrán Títẹ̀ àti Ojú Lámèyítọ́: Àyẹ̀wò Kúìtì ‘Ọ̀nà Ọ̀mùtí’ ní Amẹ́ríkà

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú pépà yìí ni láti yẹ irú àríwísí kan wò, èyí tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 1978 wá, lórí aṣọ kúìtì tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń rán ní Amẹ́ríkà. Kúìtì ni aṣọ ìbora onípele mẹ́ta: ojú rẹ̀, òwú tí a tẹ́ sí àárín, àti ìdí rẹ̀, a ó sì wá fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Èyí tí ó kàn wá níhìn-ín ni ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ alábala, èyí ni pé a gé aṣọ oríṣiríṣi sí wẹ́wẹ́, a sì tún wọn rán pọ̀ di odidi. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ibi tí ègé aṣọ méjì bá ti pàdé ni a ó máa pè ní ojú-ìrán. Ojú-ìrán lè gùn gbọọrọ. Ó sì lè tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Orí èyí tí ó tẹ̀ ni a ó dúró lé.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ pẹ̀lú aṣọ rírán. Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà méjì. Lọ́nà kìíní, àwọn lámèyítọ́ tí a fẹ́ bá jiyàn a máa pe ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n ń pè. Bí a bá fi orúkọ ẹni jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀, ó tọ́ kí onítọ̀hún lè sọ bóyá ẹ̀rí náà dúró tàbí kò dúró. Lọ́nà kejì, àṣìṣe tí a rò pé ó wà nínú àríwísí yìí kò ṣàjèjì sí wa. A ti bá a pàdé nínú iṣẹ́ lórí oríkì àti ìjálá: kí lámèyítọ́ máa wá ìtumọ̀ kí ó tó mọ bí iṣẹ́ ọnà náà ṣe dúró.

Kókó tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò pọ̀. A gbà pé lámèyítọ́ tí kò bá kọ́kọ́ wo bí a ṣe rán ojú-ìrán kan kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tí ojú-ìrán náà túmọ̀ sí. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni àwòṣe tí àwọn tí ń rán kúìtì ń pè ní Drunkard’s Path, tí a ó máa pè ní Ọ̀nà Ọ̀mùtí láti ìsinsìnyí lọ.

2.0 BÍ A ṢE Ń RÁN OJÚ-ÌRÁN TÍTẸ̀

A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa pé kí ẹ fi sùúrù bá wa lọ ní ìpín yìí, nítorí gbogbo àríyànjiyàn wa ni ó dúró lé e.

Bí a bá fẹ́ rán ègé aṣọ méjì pọ̀ ní ìlà gbọọrọ, iṣẹ́ náà kò ṣòro. A ó kó etí méjèèjì pọ̀, a ó sì rán an. Bí ìlà náà bá tilẹ̀ yà díẹ̀, a lè fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ dọ́gba lẹ́yìn náà, kò sì ní hàn. Aṣọ onílà gbọọrọ a máa foríji ẹni tí ó rán an.

Ti ojú-ìrán títẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ègé méjì tí yóò pàdé níbẹ̀ kò jọra rárá. Ọ̀kan yọ síta bí ikùn. Èkejì wọnú bí apá tí a tẹ̀ láti fi gbá nǹkan mọ́ra. A ó pe èkíní ní ègé ikùn, a ó sì pe èkejì ní ègé apá. Bí a bá tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn yóò bára mu régí. Ṣùgbọ́n a kì í rán aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ńṣe ni a máa ń da ojú ọ̀kan dé ojú èkejì, nígbà tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ikùn yóò yọ sí ọ̀tún, apá yóò tẹ̀ sí òsì, wọn yóò sì kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí i kí ó lè yé wa. Ká ní ìlà tí a fẹ́ rán jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrìkìtì, tí ó sì fi 3 íńṣì jìnnà sí àárín gbùngbùn òbìrìkìtì náà. Gígùn ìlà ìrán náà yóò jẹ́ nǹkan bí 4.7 íńṣì lára ègé méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rán kúìtì ní láti fi etí tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà ìrán. Etí ègé ikùn yóò wá jẹ́ nǹkan bí 5.1 íńṣì, ti ègé apá yóò sì jẹ́ nǹkan bí 4.3 íńṣì. Èyí já sí pé etí tí aránṣọ ń fi ojú rí gùn ju ara wọn lọ pẹ̀lú ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì, síbẹ̀ ìlà tí kò hàn, tí ó wà nínú aṣọ, dọ́gba. Ohun tí kò hàn ni aránṣọ ní láti gbà gbọ́. Bí ó bá tẹ̀ lé ohun tí ó ń rí, aṣọ náà yóò ṣù pọ̀.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé àwọn ìgbésẹ̀ kan wà tí a kò lè fò. A ó ká ègé kọ̀ọ̀kan sí méjì láti mọ àárín rẹ̀, a ó sì fi píìnì so àárín mọ́ àárín. A ó so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àti ìparí mọ́ ìparí. Lẹ́yìn náà ni a ó tó pín ìyókù sí àwọn àlàfo tí ó wà láàárín. Ọ̀pọ̀ a máa gbé ègé apá sí òkè kí wọ́n lè máa rí i bí ó ti ń nà, wọn a sì máa fi ẹnu àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ ní ṣókí ṣókí, láìjẹ́ kí ẹnu náà dé ìlà ìrán, kí ó lè ráyè ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ fa aṣọ, nítorí pé ní àárín ìlà títẹ̀, a kì í gé aṣọ ní ìbámu pẹ̀lú òwú gígùn tàbí òwú ìbú rẹ̀. Ọ̀nà ìdàgẹ̀rẹ̀ ni a gé e, ibẹ̀ sì ni aṣọ ti máa ń fà jù.

Télọ̀ tí ó bá ti da apá mọ́ ẹ̀wù òyìnbó rí yóò mọ ohun tí a ń sọ. Apá bùbá wa kò ní wàhálà yìí, nítorí gbọọrọ ni a ń gé e. Ṣùgbọ́n ọrùn bùbá ní in, ẹni tí ó bá sì gbàgbé láti gé etí ọrùn ní ṣókí ṣókí kí ó tó yí i padà sínú yóò rí bí ọrùn aṣọ náà yóò ṣe lọ́.

Ìyàtọ̀ kan kù tí a ní láti fi hàn. Òbìrìkìtì lè wà lójú aṣọ láìjẹ́ pé ojú-ìrán títẹ̀ wà níbẹ̀. A lè gé aṣọ ní òbìrìkìtì, kí a ká etí rẹ̀ sínú, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí aṣọ mìíràn. Lílẹ̀ ni èyí. Síso ni ti ìṣáájú. Nínú lílẹ̀, aṣọ ìsàlẹ̀ wà ní odidi, kò sì ní ohun tí yóò pàdánù bí ti òkè bá yẹ̀. Nínú síso, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan ni ó gbé èkejì dúró. Lámèyítọ́ tí ó bá wo àwòrán kúìtì nínú ìwé lásán kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ lílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ síso, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ọwọ́ tí ó wà nínú méjèèjì kò dọ́gba.

3.0 Ọ̀NÀ Ọ̀MÙTÍ GẸ́GẸ́ BÍ IṢẸ́ ỌNÀ

Àwòṣe Ọ̀nà Ọ̀mùtí bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹyọ kan ṣoṣo: aṣọ onígun mẹ́rin tí ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrìkìtì wà ní igun rẹ̀ kan. Àwọ̀ méjì ni a sábà máa ń lò, bí aró àti funfun tàbí pupa àti funfun. Ẹyọ 16, tí a tò ní mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ni ó ń di odidi abala kan. Nínú ìdajì wọn, ikùn ni ó dúdú tí apá sì funfun. Nínú ìdajì kejì, wọ́n pààrọ̀ ara wọn.

Bí a bá wo ẹyọ kan, a kò rí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ìlà títẹ̀ kan ni a rí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní etí kan tí ó sì parí ní èkejì. Ìgbà tí ẹyọ bá pàdé ẹyọ ni ìlà yìí yóò bá ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, tí yóò yí, tí yóò tún padà, títí tí ojú yóò fi rí ọ̀nà kan tí ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀gọ́ gba orí aṣọ kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ìtagọ́ọ́gọ̀ọ̀gọ́ náà kò sí lára ègé. Àárín àwọn ègé ni ó wà.

Bí ìtagọ́ọ́gọ̀ọ̀gọ́ yìí yóò bá hàn, ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti dé etí ẹyọ rẹ̀ ní ojú ibi tí ti ẹnìkejì rẹ̀ wà gan-an. Bí ẹyọ kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì pọ̀ jù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ 20 tí ó wà nínú ìlà kan náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe náà ti di 2.5 íńṣì, ọ̀nà náà yóò sì já. Kúìtì tí ó bá ní abala 30 yóò ní ojú-ìrán títẹ̀ 480, gbogbo wọn ni ó sì gbọdọ̀ jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ibí yìí ni a ti rí ohun tí a rò pé ó jẹ́ ọgbọ́n ìṣọnà àwòṣe yìí: ìrìn ẹni tí ọtí ń pa ni aṣọ náà ń fi hàn, ọwọ́ tí kò mutí ni ó sì lè fi í hàn. Ọ̀mùtí kò lè rán Ọ̀nà Ọ̀mùtí.

Orúkọ náà kò dá dúró. Bí a bá yí àwọn ẹyọ 16 kan náà padà, a ó rí àwòṣe mìíràn tí ó ní orúkọ tirẹ̀: Love Ring, èyí ni Òrùka Ìfẹ́, Fool’s Puzzle, èyí ni Àdììtú Òmùgọ̀, Falling Timbers, èyí ni Igi Tí Ń Wó. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè kọjú sí ọ̀nà mẹ́rin. Nítorí náà, bí a kò bá tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọ̀ sí, iye ọ̀nà tí a lè gbà yí ẹyọ 16 nínú abala kan jẹ́ 4,294,967,296. Inú ìfẹ̀ yìí ni aránṣọ ti ń yan èyí tí ó wù ú.

Ohun tí a rí nìyí: iṣẹ́ ọnà yìí ní ìpele méjì. Ní ìpele ojú-ìrán, kò sí òmìnira. Ìwọ̀n ni ó ń jọba. Ní ìpele ìtò, òmìnira pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dá kan lè lò tán lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ki oríkì orílẹ̀ kò ní ya ẹnu sí èyí. Akéwì kò ní ominú nípa bí yóò ti to àwọn ẹyọ oríkì. Ó lè fi èyí ṣáájú, kí ó fi tọ̀hún kẹ́yìn, kí ó padà, kí ó fò. Ṣùgbọ́n inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti di bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣì í kì, àwọn onílé yóò dá a lẹ́kun.

4.0 OHUN TÍ ÀWỌN LÁMÈYÍTỌ́ TI SỌ

4.1 Àmì ìkọ̀kọ̀

Ìtumọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí Jacqueline Tobin àti Raymond Dobard tẹ̀ jáde ní 1999. Obìnrin kan tí ń ta kúìtì ní ọjà Charleston, ní South Carolina, ni ó sọ ìtàn náà fún Tobin. Wọ́n ní àwọn àwòṣe kúìtì kan jẹ́ àmì ìkọ̀kọ̀ fún àwọn ẹrú tí ń sá lọ sí òmìnira, àti pé Ọ̀nà Ọ̀mùtí ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe rìn gbọọrọ, kí wọ́n máa yà sọ́tùn-ún yà sósì kí àwọn tí ń dọdẹ wọn má baà rí wọn mú.

Ìtàn tí ó dùn ni. Àwọn òpìtàn kúìtì sì ti tako ó. Wọ́n ní orúkọ Drunkard’s Path kò hàn nínú ìwé títẹ̀ títí di apá ìparí sẹ́ńtúrì 19, nígbà tí òwò ẹrú ti dópin ní Amẹ́ríkà láti 1865. A tilẹ̀ máa ń so orúkọ náà àti àwọ̀ aró àti funfun rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1874 láti gbógun ti ọtí. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé láàárín 1936 sí 1938, ìjọba Amẹ́ríkà gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ti ṣe ẹrú rí, ó lé ní 2,300. Kúìtì rírán pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àmì ìkọ̀kọ̀ lára kúìtì kò sí níbẹ̀.

Àwa tí ń ṣe iṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn kò lè fi ìyẹn nìkan dá ẹjọ́ náà. A kò gbọdọ̀ sọ pé ohun tí kò sí nínú ìwé kò ṣẹlẹ̀ rí; bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, a ti fi ọwọ́ ara wa wó ilé ara wa. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ìlànà. Ẹsẹ Ifá kan di ẹ̀rí lójú wa nítorí pé a lè bá a lẹ́nu babaláwo ní ìlú tí ó jìnnà síra wọn. Ìtàn àmì kúìtì yìí gbára lé ẹnu ẹnìkan ju bí ó ti yẹ lọ.

Àtakò tiwa tún yàtọ̀. Ká tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni, ìtumọ̀ náà kò fi ọwọ́ kan ojú-ìrán títẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn tí ó ń yà sọ́tùn-ún sósì nìkan ni a fẹ́ fi hàn, ègé onígun mẹ́ta tí a so ní ìlà gbọọrọ yóò fi í hàn dáadáa, yóò sì yá jù. Kí ni ó dé tí obìnrin kan fi yan iṣẹ́ tí ó le jù? Lámèyítọ́ kò bi í, nítorí pé kò mọ̀ pé ó le.

4.2 Ìlà gbọọrọ àti ohun ibi

Ìtumọ̀ kejì ní ìjìnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Robert Farris Thompson (1983), nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí aṣọ àwọn Mande àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, mẹ́nu ba ìgbàgbọ́ pé ìlà gbọọrọ ni ohun ibi máa ń tọ̀, àti pé ìlà tí a bá ṣẹ́ lè dènà rẹ̀. Iṣẹ́ Thompson ṣí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kò sì fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí a kò fara mọ́ ni bí àwọn tí ó tẹ̀ lé e ṣe mú ọ̀rọ̀ kan tí a sọ nípa apá kan ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo Áfíríkà, tí wọ́n sì ń fi í ṣe kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo ìlà tí kò bá gùn gbọọrọ lára kúìtì.

Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Yorùbá, èdè wa kò jẹ́rìí sí i. Ohun tí ó tọ́ ni ó dára lójú wa. Ohun tí ó wọ́ ni a ń bẹ̀rù. Inú ‘tọ́’ ni a ti rí òtítọ́. Ẹni tí a bá ní ọ̀nà rẹ̀ wọ́, a ti bú u. Àwọn àgbà sì ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Kò sí bí a ṣe fẹ́ fi èdè yìí sọ pé Yorùbá ka ìlà gbọọrọ sí ilé ibi.

Síbẹ̀, èdè kan náà yìí fún wa ní ìyàtọ̀ tí lámèyítọ́ nílò. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan tẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó wọ́. Ọrun ọdẹ tẹ̀, kò wọ́. Bí ó bá wọ́, ọfà kò ní lọ sí ibi tí a rán an. Ohun tí ó tẹ̀ ní ìwọ̀n, ó sì ní ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó wọ́ ti kúrò ní ìwọ̀n. Ojú-ìrán Ọ̀nà Ọ̀mùtí tẹ̀. Lámèyítọ́ tí ó kà á sí ìlà tí ó wọ́, yálà láti yìn ín ni o tàbí láti bú u, ti ṣì í kà.

Wọ́n a tún máa pe ẹ̀kú egúngún wa ní ẹlẹ́rìí. Lóòótọ́ ni a ní ẹ̀kú alábala. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ègé onígun mẹ́rin àti ti onígun mẹ́ta ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, àti pé etí àwọn aṣọ tí ó ń rọ̀ lára rẹ̀ a máa rí bí eyín ayùn, ọ̀kan kò sì ga ju èkejì lọ. Ètò ni ẹ̀kú náà fi hàn. Bí nǹkan bá ti ọ̀dọ̀ wa kọjá òkun lọ bá kúìtì, ètò yìí yẹ kí ó wà lára ohun tí ó kọjá. Bákan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ka Ifá sínú Ọ̀nà Ọ̀mùtí yóò yọ̀ nígbà tí ó bá rí ẹyọ 16. Ṣùgbọ́n mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin ni 16 níbi gbogbo ní ayé. Iye nìkan kò tó láti fi sọ odù di baba aṣọ.

4.3 Àtinúdá ojú ẹsẹ̀

Ìtumọ̀ kẹta ni ó ní ipa jù lọ láàárín àwọn onímọ̀. Maude Wahlman (1993) ka àwọn àbùdá kan sílẹ̀ tí ó rò pé ó fi kúìtì aláwọ̀ dúdú hàn yàtọ̀: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, àwọ̀ tí ó ń kọjú ìjà síra wọn, apá kan tí kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì, àti àtinúdá ojú ẹsẹ̀, èyí ni kí aránṣọ máa dá a sílẹ̀ bí ó ti ń rán an lọ láìní àwòṣe. Ṣáájú rẹ̀, ní 1987, Eli Leon ti kó irú kúìtì bẹ́ẹ̀ jọ fún ìpàtẹ ní San Francisco, àtinúdá yìí kan náà ni ó sì tẹnu mọ́. Nígbà tí wọ́n pàtẹ kúìtì àwọn obìnrin Gee’s Bend, abúlé kan ní Alabama, ní ilé ìpàtẹ Whitney ní New York ní 2002, àwọn lámèyítọ́ fi wọ́n wé iṣẹ́ Matisse àti ti Klee.

A gbà pé òótọ́ wà nínú ìtumọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ kúìtì Gee’s Bend ni a bẹ̀rẹ̀ láti àárín, tí a sì ń fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ojú-ìrán wọn gùn gbọọrọ, aṣọ gbọọrọ sì máa ń foríji, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ṣáájú. Níbẹ̀, ọwọ́ lè máa dá a sílẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ẹnìkan tún lè rán wa létí pé àwọn kan wà lóde òní tí ń tẹ́ aṣọ méjì lé ara wọn, tí wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ gé ìlà títẹ̀ gba inú méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, láìlo àwòṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlà tí ó tẹ̀ díẹ̀ ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún. Ìdá mẹ́rin òbìrìkìtì tí ó ní láti bá 479 ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu kò gbà bẹ́ẹ̀. Páálí ni a ó gé ṣe àwòṣe, òun ni a ó sì fi wọn gbogbo rẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú ìtumọ̀ yìí ni pé ó ti di òṣùwọ̀n. Bí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan bá rán kúìtì tí ìlà rẹ̀ tọ́, tí ojú-ìrán rẹ̀ sì pàdé régí, wọn a ní kì í ṣe ti Áfíríkà, pé ó ń ṣe bí òyìnbó. Cuesta Benberry, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ìtàn kúìtì, ni ó ké gbàjarè sí èyí nínú ìwé rẹ̀ ti 1992. Ó fi hàn pé oríṣiríṣi kúìtì tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti rán láti ìgbà pípẹ́, àti pé kò tọ́ láti mú ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ kí a wá sọ pé òun nìkan ni tiwọn. A fara mọ́ ọn pátápátá. A sì fẹ́ fi kún un pé òṣùwọ̀n náà ń gba nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí. Wọ́n ń yìn wọ́n fún ọkàn, fún ìmísí, fún ẹ̀jẹ̀ tí ó rántí ilé. Ìṣirò nìkan ni wọn kò fẹ́ yìn wọ́n fún. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni ojú-ìrán títẹ̀.

5.0 HARRIET POWERS: NÍGBÀ TÍ ÀFIWÉ BÁ DÚRÓ LÓRÍ ỌWỌ́

Kí a má baà rò pé a kò gba àfiwé kankan láyè, ẹ jẹ́ kí a wo ti Harriet Powers. Wọ́n bí i sínú oko ẹrú ní Georgia ní 1837, ó sì kú ní 1910. Kúìtì rẹ̀ méjì ni ó ṣẹ́kù. Èkíní, tí ó ní abala 11 tí ó dá lórí ìtàn Bíbélì, ni ó pàtẹ ní 1886. Ó tà á ní dọ́là márùn-ún péré ní 1891, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni ó sì wà. Èkejì ní abala 15, ó sì wà ní Boston. Ènìyàn, ẹranko, oòrùn àti ìràwọ̀ ni ó wà lójú wọn.

John Vlach (1978) àti àwọn mìíràn fi iṣẹ́ yìí wé aṣọ ààfin àwọn Fọ̀n ní Abomey. Àfiwé yìí ní ìpìlẹ̀, nítorí pé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ láti: lílẹ̀ ni méjèèjì, a gé àwòrán, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ odidi. A lè wá bi í síwájú. Ọkùnrin ni ó ń rán aṣọ ààfin ní Abomey. Obìnrin ni ó rán ti Georgia. Báwo ni ìmọ̀ náà ṣe ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́? Ìbéèrè yìí le, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, àwọn onímọ̀ sì lè wá ìdáhùn sí i. Ó sì fi hàn wá pé òbìrìkìtì oòrùn Powers àti ìdá òbìrìkìtì Ọ̀nà Ọ̀mùtí kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lè kà wọ́n sí ọ̀kan. Ti Powers gbé ìtàn wọ orí aṣọ. Ti Ọ̀nà Ọ̀mùtí kò gbé nǹkan kan wọ orí aṣọ. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀.

6.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Nínú pépà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ojú-ìrán títẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí àwọn lámèyítọ́ kúìtì ti gbójú fò. Àwọn tí ó kà á sí àmì ìkọ̀kọ̀ kò sọ ìdí tí ó fi tẹ̀. Àwọn tí ó kà á sí ìdènà ohun ibi ka títẹ̀ sí wíwọ́. Àwọn tí ó kà á sí àtinúdá ojú ẹsẹ̀ kò ya ìpele ìtò, níbi tí òmìnira wà, kúrò lára ìpele ìrán, níbi tí kò sí. A tún ti fi hàn pé àfiwé pẹ̀lú ilẹ̀ Áfíríkà lè dúró bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ara iṣẹ́ ọwọ́.

Alice Walker, nínú ìtàn kúkúrú rẹ̀ kan tí ó jáde ní 1973, fi ọmọbìnrin méjì síwájú wa. Ọ̀kan, tí ó ti lọ sí ilé ìwé gíga, fẹ́ gbé kúìtì ìyá àgbà kọ́ ara ògiri. Èkejì, tí kò kàwé tó bẹ́ẹ̀, ni ó mọ bí a ti ń rán an. Ìyá wọn fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rán. A kò sọ pé kí lámèyítọ́ kúìtì di aránṣọ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó yí kúìtì náà padà, kí ó wo ìdí ojú-ìrán, kí ó wo ibi tí ẹnu àlùmọ́gàjí gé dé, kí ó sì ka iye ìgbà tí ọwọ́ náà ṣe é tí kò yẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a gbà bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ lè pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá wọ ọjà yìí, ojú-ìrán ni ẹnubodè rẹ̀.